Kí O Tó Kó Lọ sí Leeds, Wá Bá Wọn Sọ̀rọ̀

Rùkáyátù mi, Àdùkẹ́ ọmọ Sàfúrà,

Ṣé o ti jẹun? Mo fi ìyẹn ṣáájú ìkíni nítorí mo mọ̀ ọ́. Tí ọkàn rẹ bá dàrú, tíì nìkan ni o máa ń mu láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí o kò bá tíì jẹun, gbé lẹ́tà yìí kalẹ̀, wá nǹkan fi sẹ́nu, kí o tó padà wá kà á. Ó gùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ lórí tábìlì ilé ìdáná níbí ní Peckham, bírò kan sì ti gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lẹ́tà A, B, D tí Mísì Dóríìn fi kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì àwọn àgbà náà ni mo fi ń kọ Yorùbá yìí. Ìyàwó Àfáà ló fi àmì orí ọ̀rọ̀ hàn mí. Tí o bá rí àmì tó wà níbi tí kò yẹ, fojú fò ó. Má fi bírò pupa tún un ṣe bí o ṣe máa ń ṣe sí ìwé àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́.

Mo sì ti pinnu pé n kò ní pa òwe kankan nínú rẹ̀. O sọ fún mi nígbà kan pé, "Màmá Àgbà, tí ẹ bá ti pa òwe, mi ò kì í mọ̀ bóyá ẹ ń yìn mí ni tàbí ẹ ń bá mi wí." Ó dùn mí nígbà yẹn, torí mo fẹ́ràn òwe ju ẹran lọ. Ṣùgbọ́n lónìí mo fẹ́ kí o mọ èyí tí mo ń ṣe. Màá yìn ọ́. Lẹ́yìn náà màá bá ọ wí díẹ̀. Lẹ́yìn náà màá tún yìn ọ́.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní o ti ríṣẹ́ sí Leeds, pé iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń bá àwọn ayálégbé rojọ́ ní kóòtù ló gbà ọ́, pé Mọ́ńdè ni wàá kó lọ. Mo yọ̀. Mo ṣe àlùwàlá, mo kírun ọpẹ́. Ìgbà tí mo padà gbé fóònù ni mo rí ìyókù rẹ̀: "Mi ò ní lè wá sí ìpàdé àwọn ayálégbé ní gbọ̀ngàn ní Sátidé, Màmá Àgbà. Mi ò lè wo ojú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ara mi ò yá." Mo pè ọ́, o kò gbé e. Mo tún pè ọ́. Mo wá sọ fún ara mi pé o lè má gbé fóònù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti bí ìyá rẹ, n kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yìí rí. Wàá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́.

Èmi ni mo pọ̀n ọ́ lọ sí ọjà East Street nígbà tí ìyá rẹ ń ṣiṣẹ́ ní Kennington. Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn pé ká rán ọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìsẹ́yìn nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. O sunkún títí dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. O padà dé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, o ga jù mí lọ, o sì ń ka ìwé Yorùbá bí ẹni ń mu omi. Mo ń wò ọ́ nígbà yẹn, mo ń jowú rẹ. O kò mọ̀.

Nígbà tí o ní o fẹ́ díje, bàtà méjì ni o gbó lẹ́sẹ̀ níbi tí o ti ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn kiri. Mo gbé ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń ran bàtà ní Rye Lane. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Àlhájà, ta ló ni èyí? Ṣé ọmọ yín ń pín lẹ́tà káàkiri ìlú ni?"

Mo ní, "Ó fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni."

Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó tọ́jú èyí dáadáa. Tó bá wọ ibẹ̀ tán, kò ní í fẹsẹ̀ rìn mọ́."

Ṣùgbọ́n o ń rìn. Ọjọ́ tí o fi Àlùkùránì búra, mo jókòó sókè níbi tí wọ́n máa ń fi àwọn àlejò sí, mo ń wò ọ́ nísàlẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin gíga wọ̀nyẹn, mo ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọmọ mi rèé. Obìnrin òyìnbó tó jókòó tì mí ní kí n rọra máa sọ̀rọ̀. Mo ní kó má bínú. N kò dákẹ́. Gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni o sì ń wá sí gbọ̀ngàn àwọn ayálégbé tó wà lẹ́yìn ilé mi, kí àwọn èèyàn lè gbé ẹjọ́ wọn wá bá ọ. Mo máa ń wá jókòó lẹ́yìn, mo máa ń ní torí ẹ̀rọ tó ń mú ibẹ̀ móoru ni. Irọ́ ni. Ìwọ ni mo ń wá wò. O máa ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni, wàá kà á jáde fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, wàá wá béèrè pé, "Ṣé ohun tí ẹ rò pé ó wà níbẹ̀ nìyí?" O kò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn máa ń ṣe sí mi nínú. Màá sọ ọ́ fún ọ nísàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di igbákejì mínísítà, inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ìwé tí wọ́n ń kó fún ọ pọ̀ ju èyí tí ojú èèyàn kan lè kà lọ. Wọ́n wá gbé ọ̀kan lé ọ lọ́wọ́, o dìde nínú ilé ìgbìmọ̀, o kà á jáde pé wọ́n ti bi àwọn ará ẹ̀sítéètì tó wà lẹ́yìn ilé mi léèrè, pé wọ́n sì ti gbà láti kó jáde kí wọ́n lè wó ilé náà. O kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá Jàmáíkà tó ń gbé ní àjà kejì wá jókòó síwájú rẹ ní gbọ̀ngàn. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni wọ́n bi? Wọn ò bi mí. Wọn ò bi ìyàwó mi." Mo wà lẹ́yìn níbẹ̀. Mo rí i bí ojú rẹ ṣe yí padà.

O fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí wọ́n bi. Àwọn ọ̀gá rẹ ní kí o fi í sílẹ̀, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò sẹ́ni tó máa rántí. O padà lọ dìde níbi tí o ti dìde tẹ́lẹ̀, o ní, "Ohun tí mo kà kì í ṣe òótọ́. Èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò." Lẹ́yìn náà o fi ipò mínísítà sílẹ̀, o sì fi ilé ìgbìmọ̀ pàápàá sílẹ̀, torí o ti sọ fún àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà ìbò pé tí o bá purọ́ nípa ilé wọn, o kò ní jókòó síbẹ̀ mọ́.

Wọ́n ti dá wíwó ilé náà dúró. Wọ́n ní àwọn máa wá bi wọ́n wàyí, ní tòótọ́. Ìwọ lo ṣe ìyẹn. Mo fẹ́ kí o tún ìlà yẹn kà kí o tó máa bọ̀ nísàlẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi lọ́jọ́ kejì tí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ, torí òun ló ṣí mi lójú. O rántí pé o ṣàlàyé fún mi pé òfin àtijọ́ kò gba aṣòfin láyè láti kàn sọ pé òun kò ṣe mọ́. Ó ní láti tọrọ ipò kan lọ́dọ̀ ọba, ipò alámòójútó ilẹ̀ kan tí kò níṣẹ́ tí kò sì lówó oṣù. Ẹni tó bá ti gba ipò yẹn kò lè jókòó nílé ìgbìmọ̀ mọ́, bí wọ́n ṣe ń jáde nìyẹn. Ó yé mi. Kò yé àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní mọ́ṣáláṣí wa.

Mo gbọ́ aago lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Súnà ni, pẹ̀lú obìnrin mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé kúlà ìrẹsì méjì àti mọ́ínmọ́ín. Kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀, wọ́n ti wọlé.

"Àlhájà Sàlámọ̀tù, ẹ kú oríire. A gbọ́ pé ọba fi Rùká joyè."

Mo ní, "Ta ló sọ ọ́?"

"Ọmọ mi kà á lórí fóònù. Ó ní ó ti di alámòójútó ilẹ̀ ọba."

Ìyá Súlè, tó fẹ́ràn oko, bu ọwọ́ lé orúnkún mi. "Ilẹ̀ yẹn, ṣé ó tóbi? Ṣé wọ́n lè já díẹ̀ fún èèyàn níbẹ̀ kó fi gbin ẹ̀fọ́?"

Àdùkẹ́, n kò ní tàn ọ́. Mo dákẹ́. Mo bu ìrẹsì sínú àwo, mo jẹ ẹ́, wọ́n ń kí mi ní ìyá olóyè, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ohun tó rọrùn jù ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwo ìrẹsì yẹn kò tíì dé ìdajì tí mo fi rántí pé mo ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé àwo kalẹ̀. Mo ní, "Ẹ jókòó dáadáa. Oyè kọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde níbẹ̀ ni. Rùká ti fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Ìyá Súlè gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún mi.

Ìyá Súnà ní, "Ṣé ó jí nǹkan ni?"

"Kò jí nǹkan."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó ka ìwé tí kì í ṣe òótọ́ sétí wọn. Ó wá padà lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe òótọ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ó wo àwọn yòókù. Ó ní, "Àwọn tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń sùn lórí àga. Mo ń rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n." Ó fa kúlà sún mọ́ ara rẹ̀. "Ó dáa náà. A ò ní gbé ìrẹsì padà, a ti sè é. Ẹ jẹ́ ká fi kí i pé kò purọ́."

Ìyá Súlè ní, "Ilẹ̀ ò wá sí níbẹ̀ rárá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń gbé lókè wa kan ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó, n kò lè palẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí, ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́, bàbá rẹ àgbà náà kò mọ̀ ọ́ kí Ọlọ́run tó pè é.

Kí a tó kó wá sí Peckham, ẹ̀sítéètì mìíràn ni a ń gbé, àjà kẹta. Ìyá rẹ wà ní prámárì nígbà yẹn. Ìdílé Yorùbá márùn-ún ni wá ní àjà yẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù nínú wọn, mo sì lè bá oníbọ́ọ̀sì sọ Gẹ̀ẹ́sì débi tí yóò fi rẹ́rìn-ín. Mo ní awò ojú. Mo máa ń ká ìwé ìròyìn sí abíyá tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo wọn gbà pé mo mọ̀wé, n kò sì sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ mi nìkan ni mo lè kọ.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé wá pín fóòmù sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun máa padà wá gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá Kàmọ́rù, tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ tó sì fẹ́ràn mi bí àbúrò, kó àwọn obìnrin yòókù wá sílé mi. Ó ní, "Sàlá, bá wa wo ohun tí wọ́n kọ."

Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ ni pé, "N kò mọ̀ ọ́n kà, ẹ jẹ́ kí ọkọ mi dé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ awò ojú mi, mo wo ìwé yẹn títí, mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bẹ wọ́n pé kí wọ́n wá tún fèrèsé ṣe, torí atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé bá àwọn ọmọ. Mo ní, "Ti fèrèsé ni. Wọ́n fẹ́ kí ẹ buwọ́ lù ú kí wọ́n lè wá tún un ṣe." Wọ́n buwọ́ lù ú lórí tábìlì mi. Bírò mi ni wọ́n lò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ àgbà dé láti ibi iṣẹ́, ó ka tiwa. Ó ní, "Wọ́n ní ká gbà láti kó lọ síbikíbi tí wọ́n bá fi wá sí. A ò ní buwọ́ lu èyí." Ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Kò mọ̀ pé àwọn yòókù ti buwọ́ lu tiwọn.

Ìwé wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, Rùká. Àárọ̀ ni ọkùnrin yẹn máa tó wá. Ilẹ̀kùn Ìyá Kàmọ́rù kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí tèmi. Mo jáde, mo dúró síwájú rẹ̀, mo ń gbọ́ tó ń kọrin fún ọmọ nínú ilé. Tí mo bá kan ilẹ̀kùn, mo ní láti sọ fún un pé n kò mọ̀wé. Mo padà sílé.

Wọ́n kó gbogbo wọn lọ. Ìyá Kàmọ́rù bọ́ sí Thamesmead, bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ kó tó débi iṣẹ́ rẹ̀. Àwa dúró síbẹ̀ títí tó fi wù wá láti kó. N kò lọ kí i rí.

Ó ti wá yé ọ ìdí tí mo fi máa ń jókòó sẹ́yìn ní ọjọ́ Jímọ̀ rẹ. Ó yé ọ ìdí tí mo fi lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì pẹ̀lú eékún tó ń dùn mí. Ó sì yẹ kó yé ọ ìdí tí mo fi ń gbéraga nípa rẹ ju ìgbà tí o búra lọ. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìwọ. Àwa méjèèjì fi ìwé tó wà lọ́wọ́ wa sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, fún àwọn tó gbà wá gbọ́. Èmi padà sílé. Ìwọ padà lọ sọ òótọ́, ó sì ná ọ ní iṣẹ́ tí o fi bàtà méjì wá.

Ìmọ̀ràn mi wá rèé. N kò mọ iye tó máa jẹ́, mo kàn ń kọ ọ́ bó ṣe ń wá.

Àkọ́kọ́. Ìwé tí wọ́n bá gbé wá bá ọ ní Leeds, tí ó bá pọ̀ ju èyí tí o lè kà lọ, sọ fún wọn pé ó pọ̀ jù. Wọ́n lè kùn. Jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ìkejì. Tí wọ́n bá bi ọ́ níbi iṣẹ́ tuntun pé kí nìdí tí o fi kúrò, ìdáhùn kan náà ni kí o máa fún gbogbo èèyàn, ọ̀gá àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Má jẹ́ kó gùn. Má fi ẹ̀bẹ̀ sí i. O ti tọrọ àforíjì níbi tó yẹ kí o ti tọrọ rẹ̀, àfi ibì kan ṣoṣo tó kù.

Ti ọkọ, ìyá rẹ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo ti sọ ọ́.

Ìkẹta. Má ka iṣẹ́ yìí sí ìrẹ̀sílẹ̀. Àwọn kan máa sọ pé aṣòfin àná ló wá ń bá ayálégbé kọ̀wé. Ohun tí o ń ṣe ní Jímọ̀ ní gbọ̀ngàn náà ni, wọ́n kàn fẹ́ máa sanwó rẹ̀ fún ọ báyìí ni. Ra ẹ̀wù òtútù tó nípọn, Leeds tutù ju ibí lọ. Wá mọ́ṣáláṣí kí o tó wá ilé oúnjẹ.

Ibì kan tó kù yẹn ni mo ń bọ̀ wá sọ, òun sì ni ìbáwí mi. O sọ fún ilé ìgbìmọ̀ pé o ṣàṣìṣe. O sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ. O kọ lẹ́tà sí ọba. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Bàbá Jàmáíkà yẹn bi mí lẹ́nu géètì pé, "Ṣé ó ń bínú sí wa ni?" Àwọn kan ń sọ pé o sá. N kò rò pé o sá. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn ṣe gùn tó, mo sì mọ̀ pé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí èèyàn kò bá rìn ín, ó máa ń gùn sí i.

Torí náà ni n kò ṣe fẹ́ fún ọ ní ìmọ̀ràn tí èmi fúnra mi kò tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ Àlàrùbá tó kọjá mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead. Kàmọ́rù ló fún mi ní àdírẹ́sì, ó ti di baba ọlọ́mọ mẹ́ta. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Sàlámọ̀tù ni."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Sàlá ti àjà kẹta. Kí ló gbé ẹ dé ìlú wa? Ṣé o sọnù ni?"

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun kò lágbára láti fa àgbàlagbà sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí awò ojú dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó dìde lọ pa kẹ́tùlù tó ti hó.

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tí a kó débí, Kàmọ́rù ka ẹ̀dà ìwé náà fún mi. Mo gbọ́ pé kò sí fèrèsé níbẹ̀. Mo ní wọ́n tan Sàlá náà jẹ ni. Mo wá ń retí ẹ. Mo ní wàá wá kí mi, ká jọ bú wọn. Ọdún kan, ọdún méjì. Ìgbà tí o ò wá ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Mo bọ́ awò ojú mi, mo gbé e lé tábìlì.

Ó ní, "Ilé ibí dáa. Mo ń gbin tòmátò síta. Kì í ṣe ti ilé ló dùn mí. Mo wá sí ìlú tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni, aládùúgbò kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn ò sì wá wò mí." Ó da tíì sínú ife méjì. "O pẹ́ púpọ̀, Sàlá. Ṣúgà mélòó lò ń mu báyìí?"

Mo jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀ títí di ìrun ìrọ̀lẹ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì ní kó sọ ọ́. Ó ní kí n padà wá ní oṣù tó ń bọ̀, kí n sì má wá lọ́wọ́ òfo.

Àwọn ará gbọ̀ngàn lè má fi tíì ṣe ọ́ lálejò. Ẹnì kan lè pariwo. Ìyá tó máa ń mú ọmọ méjì wá ní Jímọ̀ yẹn, ó lè sọ ohun tí yóò dùn ọ́. Wàá gbọ́ ọ tán, wàá sì rí i pé o ṣì wà lórí ìdúró. Àmọ́ má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa retí rẹ títí wọ́n á fi wá ìdí rẹ̀ fúnra wọn. Ìdí tí èèyàn bá wá fúnra rẹ̀ nígbà tó ń retí ẹni, ó máa ń burú ju òótọ́ lọ.

Aago méjì ọ̀sán ni ìpàdé náà ní Sátidé. Mo ti sọ fún akọ̀wé wọn pé mo ti kọ̀wé sí ọ, pé n kò tíì mọ̀ bóyá wàá wá. N kò ní bá ọ sọ pé ara rẹ kò yá. Tí o bá wá, ìlà iwájú ni màá jókòó sí, n kò sì ní dá sí ọ̀rọ̀ yín. Tí o kò bá wá, màá dìde, màá sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi ò wá. Ara rẹ̀ le." Lẹ́yìn náà màá dúró síbẹ̀, kí wọ́n bi mí ní gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ bi ọ́, títí ẹni tó kẹ́yìn á fi sọ tiẹ̀ tán. Lọ́nà méjèèjì, ọmọ mi ni ọ́, n kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọlọ́run tó fún ọ ní ẹnu tó sọ òótọ́ lókè, kó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé e wá sísàlẹ̀.

Èmi ni ìyá ìyá rẹ,
Sàlámọ̀tù, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.